Ìyá Ọba Kò Kúnlẹ̀

Tí Fusae bá ti gbé ìyá ọkọ rẹ̀ sínú omi gbígbóná tán, tí ó ti fi apá nu òógùn ojú ara rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ìyá yẹn máa ń bi í.

"Aṣebi wa ńkọ́? Wọn ò tíì lé e láàfin?"

"Ó di Ọjọ́bọ̀, Màmá. Ọjọ́bọ̀ ni orí tuntun máa ń jáde."

"Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀! Ṣé wọ́n fẹ́ kí n kú kó tó di Ọjọ́bọ̀ ni?"

Kinu ni orúkọ ìyá náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, ojú rẹ̀ kò rí ju òjìji lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju etí lọ. Eiji ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ Fusae. Eiji ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sí Tokyo, ó wá ku àwọn obìnrin méjì yìí nínú ilé onígi ńlá kan létí òkun Niigata, níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́ títí tí yóò fi sú ènìyàn. Láàárọ̀, ọkọ̀ a wá gbé ìyá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án, Fusae a sì sáré lọ síbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹja tí wọ́n ń sè é ní ìṣù-ìṣù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a sáré wálé, a bọ́ ìyá, a wẹ ìyá, a yí ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rẹ obìnrin yìí. N ò wí pé ó rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rẹ ẹni tó máa sùn tí ara rẹ̀ á sì yá o. Èyí tó rẹ̀ ẹ́ yìí, wọ́n jọ ń sùn ni, wọ́n sì jọ ń jí.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yẹn gan-an tó ìwé kan lọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n ń gbé ìyá lọ lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn lè máa wẹ̀ ẹ́. Kinu ní láéláé, kò sí àlejò tí yóò rí ìhòòhò òun, kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun máa rùn. Ni Fusae bá ń gbé e fúnra rẹ̀. Kinu a kọ́kọ́ wọ omi, a rì sínú rẹ̀ dé ọrùn, a máa mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé e jáde, tí wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ, tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbà náà ni Fusae tó máa wọ èyí tó kù, omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó ilé náà: bàbá ọkọ, ọkọ, ìyá ọkọ, ìyàwó lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọjá àyè rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ nígbà náà, ibà ń ṣe é, Eiji ní kó tètè wẹ̀ kó lọ sùn. Nígbà tí Kinu gbọ́ pé ìyàwó ti wọ omi ṣáájú òun, kò pariwo. Ó da omi náà nù títí ọpọ́n ìwẹ̀ fi gbẹ, ó ní kí Fusae bu òmíràn, kó sì gbé iná sí i. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìyàwó ilé Hoshina kò lẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ yẹn ò bọ́ lára rẹ̀ mọ́. Títí di òní, tí àwọn obìnrin bá ń kó yìnyín lójú pópó tí Fusae bá kọjá, wọn a wojú ara wọn.

Rumi ló kó bá a pẹ̀lú ìwé kíkà. Rumi, ọmọge kan tí wọ́n jọ ń to ẹja sínú ike níbi iṣẹ́, ló gba fóònù rẹ̀ nígbà ìsinmi, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò lè máa tẹjú mọ́ ògiri báyìí lójoojúmọ́. Ẹ gbà, ẹ ka èyí."

Máńgà onífẹ̀ẹ́ kan ni, ìtàn aláwòrán tó ń jáde lórí fóònù ní orí kọ̀ọ̀kan, "Aṣebi Ààfin Kì Í Mu Tíì Tútù". Verena, ọmọ ìjòyè, ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ ọba. Gbogbo ààfin ní aṣebi ni. Wọ́n ní ó ń lu ìránṣẹ́, wọ́n ní ó da májèlé sínú wáìnì. Irọ́ gbuu! Ìyá Ọba mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ ó panu mọ́, torí ọmọ náà ò wù ú. Ní orí kìíní, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí tíì Verena tutù lójú gbogbo àwọn ìjòyè kó tó gbé e fún un. Verena gbà á, ó mu ún tán, kò ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló wá búra nínú yàrá rẹ̀ pé èyí ni tútù tóun máa mu kẹ́yìn. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn, ẹja ń kọjá níwájú Fusae, kò rí i. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ife tíì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Kinu gbọ́ tí Fusae rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ kan bọ́ ìyá ní ògì ìrẹsì, ó ń fi ọwọ́ kejì di fóònù mú.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Àbí ìrísí mi ni?"

"Rárá o, Màmá. Ìwé kan ni."

"Kà á síta. Ṣebí ilé mi náà ni."

Fusae kà á. Ó ń sọ àwòrán, ó ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ó rò pé ìyá máa sùn lọ. Sùn kẹ̀! Nígbà tó dé ibi ife tíì, Kinu kọ ṣíbí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ní kí ọmọ yẹn gbójú sókè nígbà tó ń mu ún? Ìyá Ọba mọ ohun tó ń ṣe jàre."

"Màmá! Kí ni ọmọ náà fi ṣe é?"

"Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó kàn wọlé ni."

Fusae nu ẹnu ìyá, ó sì ń ka ìwé lọ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ dé, Ọjọ́bọ̀ lọ, àwọn méjèèjì a máa jà lórí ààfin tí kò sí níbì kankan láyé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà, wọn ò bá ara wọn sọ tó báyìí rí. Ti Verena ni Fusae ń ṣe, ti Ìyá Ọba ni Kinu ń ṣe, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ara rẹ̀.

Ibi tí Kinu wá fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé. Lábẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló máa ń wá tú inú wọn síta.

"Kí ni wọ́n wí lónìí?"

"Ẹnì kan ní kí wọ́n fá Ìyá Ọba lórí, kí wọ́n gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yí ìlú ká."

"Ọmọ tí wọn ò nà tó nìyẹn. Fún un lésì. Kọ ọ́ pé: ìwọ tó ń wá orí tí o máa fá, lọ fọ abọ́ tí o fi jẹun láàárọ̀."

"Màmá, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

"Ṣé ojú mi ló fọ́ ni, àbí etí tìẹ?"

Fusae kọ ọ́. Ó fi "Ìyá Orí Bẹ́ẹ̀dì" ṣe orúkọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn òǹkàwé ti ń rẹ́rìn-ín kiri, wọ́n ní ta ni ìyá yìí, kó má lọ o. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti ń dúró dè é. Orí tuntun ò ní tíì jáde tán tí wọn a ti máa béèrè pé, "Ìyá Orí Bẹ́ẹ̀dì, ẹ dà?" Rumi pàápàá kì í sinmi lórí rẹ̀.

"Àǹtí Fusae, ẹ ti rí ohun tí ìyá yẹn kọ lánàá? Ó ní ọmọ ọba yẹn ò ní eegun lẹ́yìn, pé ọmọ-ọwọ́ tó wọ bàtà gígùn ni! Yéè! Mo fẹ́ràn ìyá yẹn. Àmọ́ kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe ìyá ọkọ èèyàn o."

Fusae tẹrí mọ́ ẹja tó ń tò. "Àmín," ló wí.

Nígbà tí òtútù wá le, ohun tí Fusae ti ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ó gbé Kinu jáde nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kà, ẹsẹ̀ yẹ̀, àwọn méjèèjì bá ara wọn nílẹ̀ balùwẹ̀. Kò sẹ́ni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde. Wọ́n jókòó síbẹ̀, ìyá wà ní ìhòòhò láyà ìyàwó, òtútù ń mú wọn, títí Fusae fi wọ́ dé ibi tí fóònù wà.

Ọ̀gbẹ́ni Otake, tí ìjọba yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìtọ́jú Kinu, ló wá. Ó bá Fusae jókòó ní yàrá kejì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àyè kan ṣí sílẹ̀ nílé àwọn arúgbó tó wà lókè odò. Irú rẹ̀ kì í sábà yọ. Ẹ fún mi lésì kó tó di Sátidé, torí àwọn mìíràn ń dúró. Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú, ẹ̀yin méjèèjì la máa gbé."

Ògiri ilé yẹn, bébà ni. Kinu wà lódì kejì, kò sì sùn.

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Michiyo, ọmọ Kinu obìnrin tó ń gbé ní Saitama, ẹ̀gbọ́n Eiji. Kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó pè.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ gbé màmá wa jù síbì kan."

"Àǹtí, mi ò tíì fèsì. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Ta ni ẹ̀yìn ò dùn? Kí ni Ìyáàfin Kuwabara àti gbogbo àdúgbò máa wí? Ìyàwó wà nílé, ìyá wá ń kú lọ lọ́dọ̀ àlejò? Wọ́n ti ń wí tẹ́lẹ̀ pé o ò lẹ́kọ̀ọ́. Má jẹ́ kó jẹ́ òótọ́ o."

"Ṣé ẹ lè gbà wọ́n lọ́dọ̀ yín fún oṣù kan péré, Àǹtí?"

"Èmi kẹ̀? Ilé wa há. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ sọ ọ́ lójú Otake."

Fusae gbé fóònù sílẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó fẹ́ kí ìyá lọ. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ojú wá ń tì í pé òun fẹ́ ẹ. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, yóò di aláìlẹ́kọ̀ọ́ títí wọn yóò fi sin ín, inú ibojì ìdílé ọkọ kan náà ni wọ́n sì máa sin ín sí. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn yẹn á já lọ́jọ́ kan.

Inú èyí ló wà tí Ọjọ́bọ̀ fi dé. Orí tí gbogbo ayé ti ń retí ni: àṣírí tú láàfin, gbogbo wọn mọ̀ wàyí pé Verena ò jẹ̀bi, àti pé Ìyá Ọba mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró níwájú ìtẹ́, wọ́n ń wo ẹnu arúgbó. Ohun tí wọ́n yà síbẹ̀ ni pé Ìyá Ọba kẹ́yìn sí wọn, ó jáde, kò sọ ohunkóhun. Àwọn òǹkàwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń bú ẹni tó yà á, wọ́n ní kí wọ́n dá àkókò àwọn padà.

Fusae jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di fóònù mú, ẹ̀yìn ń ro ó. N ò mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lára. Ó la ẹnu, ó sì purọ́.

"Ìyá Ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Verena. Ó ní, 'Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Má bínú.'"

Wọ́n ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń yọ́ kúrò lórí òrùlé.

"Irọ́ ni," ni Kinu wí. "Ka ohun tó wà níbẹ̀."

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Màmá."

"Àwọn èèyàn ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

"Inú wọn dùn. Wọ́n ń sunkún."

"Òpè ni wọ́n." Kinu yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí i. "Obìnrin yẹn ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Tó bá kúnlẹ̀, kí ni gbogbo ààfin máa wí? Wọ́n á ní aṣebi yẹn ti fi oògùn mú un. Wọ́n á ní ẹ ò rí i, ó ti sọ ìyá arúgbó di ẹrú. Ọmọ yẹn ò ní bọ́ lẹ́nu wọn láéláé."

"Kí ló wá yẹ kó ṣe?"

"Tó bá jẹ́ èmi, mo máa tún hu ìwà burúkú kan sí i ni. Èyí tó máa burú débi pé àwọn tó ń bú ọmọ náà gan-an á yíjú padà, wọ́n á ní áà, ọmọ ọlọ́mọ mà ń jìyà o. Ìgbà yẹn ló máa gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde, ojú ò sì ní tì í."

"Ìyá Ọba fúnra rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é? Wọ́n ti ń bú u tẹ́lẹ̀. Fa aṣọ yẹn bò mí, òtútù ń mú mi."

Fusae fa aṣọ bò ó. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé kódà nínú irọ́, ìyá yìí ò lè gbà kẹ́nì kan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Ó dùn ún, ó sì lọ fọ abọ́.

Ní Sátidé, ilé kún. Otake wá. Michiyo wá láti Saitama pẹ̀lú àkàrà òyìnbó nínú páálí. Ìyáàfin Kuwabara, aládùúgbò tí ìròyìn kì í sùn lẹ́nu rẹ̀, gbé kábéèjì wá, kò sì rántí lọ. Wọ́n gbé Kinu jókòó sáàárín wọn, Fusae gbé oúnjẹ kalẹ̀: ìrẹsì, ẹja yíyan, ọbẹ̀ míso tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà sè. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ lé ìyá lọ́wọ́. Ìyá dì í mú, kò mu ún. Ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀ nígbà tí Michiyo ń sọ̀rọ̀ nípa ìdílé, nípa ojú ayé, nípa ohun tó tọ́ sí ìyàwó ilé. Ìyáàfin Kuwabara ń mi orí. Otake ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Fusae," ni Michiyo wí, "sọ ọ́ síta kí gbogbo wa gbọ́. O máa tọ́jú màmá wa nílé, àbí o ò ní tọ́jú wọn?"

Fusae la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Kinu da ọbẹ̀ náà lé e lẹ́sẹ̀.

Yéè! Gbogbo ilé dìde.

"Omi ìdọ̀tí yìí ni mo ti ń mu láti ọjọ́ tó ti wọlé," ni Kinu wí, ohùn rẹ̀ sì dé ìta. "Nítorí ọmọ mi ni mo fi dákẹ́. Ìrẹsì rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja. Otake, ilé arúgbó yẹn, àyè ṣì wà níbẹ̀? Kọ orúkọ mi sílẹ̀. Kí àlejò wẹ̀ mí, ó sàn fún mi ju ọwọ́ eléyìí lọ."

"Màmá!" Michiyo ti pupa. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò dáa! Obìnrin yìí ń gbé yín lójoojúmọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́ lórí yín, ẹ wá da ọbẹ̀ sí i lára?"

"Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, mú un lọ sílé rẹ kó máa se oúnjẹ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Hoshina," ni Ìyáàfin Kuwabara wí, ó ti di Fusae léjìká mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé àdúgbò, kò fọwọ́ kàn án rí. "Ìyàwó gidi lẹ ní o, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Áà, ọmọ ọlọ́mọ mà ń jìyà o!"

Fusae ti kúnlẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ẹní. Ó dùn ún dé eegun. Ó fẹ́ kígbe, ó fẹ́ sọ pé gbogbo ọdún ayé mi, gbogbo ọdún ayé mi lórí omi tútù, kí ni mo fi ṣe yín? Ọwọ́ rẹ̀ kan itan ara rẹ̀ níbi tí ọbẹ̀ dà sí. Kò gbóná. Ó ti tutù pátápátá. Ìyá ti dì í mú dúró títí tí kò fi lè jó ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ni gbólóhùn Ìyáàfin Kuwabara tó wọ̀ ọ́ létí. Ó gbójú sókè. Kinu jókòó gbọnrangandan láàárín wọn, ó ń wo iwájú, kò ṣẹ́jú.

"Màmá," ni Fusae wí, "ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Wọ́n wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín dáwọ́ dúró. Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń kí Fusae pé ó kú ìrọ́jú, wọ́n ń wo Kinu láìkí i. Fusae tẹ̀ síwájú láti wé aṣọ òtútù mọ́ ọn lọ́rùn. Kinu rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wá kà á fún mi. Má sì purọ́ mọ́."

"Kò kúnlẹ̀, Màmá. Ó kẹ́yìn sí wọn, ó jáde."

"Mo mọ̀."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọkọ̀ sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fusae ṣí fóònù. Àwọn òǹkàwé ṣì ń ṣépè fún Ìyá Ọba, àwọn kan sì ń béèrè pé Ìyá Orí Bẹ́ẹ̀dì dà, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ó kọ ọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́, ó tún kọ, ó tún pa á rẹ́. Nígbẹ̀yìn, ohun tó fi sílẹ̀ kò ju èyí lọ: "Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀." Rumi ló kọ́kọ́ fèsì, kò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n jọ ń to ẹja lòun ń bá sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá, ara yín ò yá ni? Ọ̀rọ̀ yín ò ta lónìí."

Ó gbé iná sí omi ìwẹ̀, torí aago ìwẹ̀ ti lù. Ó bọ́ṣọ, ó fọ ara rẹ̀ mọ́, ó ṣí ìdérí ọpọ́n. Ooru rú jáde, ó bo gbogbo balùwẹ̀. Omi náà mọ́ kedere, ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀ ọ́.

"Màmá, omi ti gbóná o!" ló ké.

Ilé dákẹ́. Fusae dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ di etí ọpọ́n mú, ó ń sunkún, títí omi náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà náà ló tó wọ inú rẹ̀.